Ṣé Fọ́tò Ọpọlọ Lè Sọ Bóyá Oògùn Ìsoríkọ́ Máa Ṣiṣẹ́ Fún Àgbàlagbà?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Látìgbà tí mo ti kọ̀wé nípa ìsoríkọ́ àwọn àgbàlagbà ni lẹ́tà ò ti dáwọ́ dúró. Mo mú mẹ́ta jáde lónìí torí ibì kan náà ni wọ́n forí lé, ìyẹn ọ̀rọ̀ fọ́tò ọpọlọ, bóyá ó lè jẹ́ ká mọ̀ ṣáájú ẹni tí ìtọ́jú máa gbà lára ẹ̀ àti ẹni tí kò ní gbà. Ti àkọ́kọ́ yìí ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ gbà mí lọ́kàn gan-an.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìyá mi ló ń ṣàìsàn, ọmọ ọdún 73 ni wọ́n. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí wọn ò ti gbádùn nǹkan kan mọ́, wọn kì í fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n bá tiẹ̀ dìde wọ́n á kàn jókòó sójú kan ṣáá, wọ́n á ní àwọn ti di ẹrù sí wa lọ́rùn. Dókítà wọn ní ìsoríkọ́ ni, ó fún wọn lóògùn, ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé, mi ò tíì rí ìyàtọ̀ kan dà bí alárà. Wọ́n wá ya fọ́tò ọpọlọ wọn nínú ẹ̀rọ MRI, wọ́n kọ ọ́ sínú rísọ́ọ̀tì pé àmì funfun pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹni tó bá ti ní irú àmì yẹn, oògùn ìsoríkọ́ ò lè ṣiṣẹ́ fún un, ó ní ká kúkú dá oògùn dúró ká má fi ìyà jẹ màmá lásán. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Ọmọ Ìyá

Ọmọ Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú o, ara wọn á yá. Ẹ jẹ́ n ti ibi tó kán mi lójú jù bẹ̀rẹ̀: ẹ má dá oògùn yẹn dúró. Tèèyàn bá ṣàdédé já irú oògùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òòyì lè máa kọ́ ọ, oorun lè dá lójú ẹ̀, inú lè máa bí i láìnídìí, ìsoríkọ́ yẹn fúnra ẹ̀ sì lè le ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Tí a bá tiẹ̀ máa pa á tì, dókítà tó kọ ọ́ ló máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́ o, nǹkan tí wọ́n kà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí ni kò tọ̀nà, mo sì máa ṣàlàyé ìdí ẹ̀.

Inú ọpọlọ wa, ibì kan wà tó rí bí eérú, níta lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìrònú gan-an ti ń lọ. Lábẹ́ ẹ̀ ni apá funfun wà, òun ló dà bíi wáyà tó so apá ibí pọ̀ mọ́ apá ọ̀hún, kí iwájú orí tó ń ṣètò nǹkan lè máa bá ibi tí ìbànújẹ́ àti ayọ̀ ti ń wá sọ̀rọ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ apá funfun yìí kéré, wọ́n tín-ín-rín bí òwú. Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti ń bá wọn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tàbí sìgá, tí ọjọ́ orí náà tún wá ń lọ, ojú wọn á há, wọ́n á le gan-gan, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibi tó yẹ kó dé dáadáa mọ́. Ibi tí ìyà yẹn bá ti jẹ wáyà náà ló máa ń tàn yanran nínú fọ́tò MRI. Tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi hàn yín lójú kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí ihò méjì dúdú láàárín ọpọlọ, omi ló wà níbẹ̀, wọ́n ya apá bí ìyẹ́ labalábá, funfun náà á wá lẹ̀ mọ́ etí ihò yẹn bí òwú tí wọ́n fà ya, òmíràn á dá dúró káàkiri bí àbàwọ́n. Ohun tí wọ́n pè ní àmì funfun nínú rísọ́ọ̀tì màmá nìyẹn. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ṣe wèrè. Tí a bá ya ọpọlọ àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí nǹkan kan ò ṣe, a máa rí díẹ̀ nínú ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn.

Báwo ló ṣe wá kan ìsoríkọ́? Ọdún 1997 ni dókítà kan tó ń jẹ́ George Alexopoulos pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e jáde pé àwọn àgbàlagbà kan wà tó jẹ́ pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ló dá ìsoríkọ́ sílẹ̀ fún wọn tàbí tó ń dá kún un, lọ́dún yẹn kan náà ni olùwádìí mìíràn, Krishnan, àtàwọn tiẹ̀ fi fọ́tò MRI ṣàlàyé irú ẹ̀. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń wò ó bóyá àwọn tí funfun pọ̀ nínú ọpọlọ wọn ni oògùn kì í tètè gbà lára wọn. Yvette Sheline àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá ṣe ọ̀kan tó tóbi díẹ̀, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2010: àgbàlagbà 217 tí wọ́n ti tó 60 ọdún sókè, wọ́n fún gbogbo wọn ní oògùn ìsoríkọ́ kan tó ń jẹ́ sertraline fún ọ̀sẹ̀ 12. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí funfun náà bá ṣe pọ̀ tó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bí ara èèyàn ṣe yá sí, bí ọpọlọ ẹni náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ìdánwò lórí tábìlì náà sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹ̀. Mo rò pé irú èyí ni ẹ̀gbọ́n yín kà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Gbogbo wọn tí wọ́n rò papọ̀ ni ìwádìí yẹn ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa màmá yín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé mo kó fọ́tò 20 síwájú yín, mẹ́wàá jẹ́ tàwọn tí oògùn ṣiṣẹ́ fún, mẹ́wàá tàwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún, mo wá ní kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ máa rí ọ̀kan tí funfun kún inú ẹ̀ bámú tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti dìde, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ máa rí òmíràn tó mọ́ lóló tí ẹni tó ni ín ṣì ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wọnú ara wọn. Kò sí dókítà kankan láyé yìí tó lè wo fọ́tò yẹn nìkan kó sọ fún yín pé oògùn ò ní ṣiṣẹ́ fún màmá, ẹni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ ti kọjá ibi tí ìmọ̀ dé.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, ó máa ń dùn mí pé àwọn èèyàn kì í béèrè ẹ̀ torí wọ́n ti gbà pé ẹ̀rọ ńlá ló mọ ohun gbogbo. Ìdánwò kékeré kan wà tí ò gbà ju bébà lọ. Wọ́n á kọ PUPA sórí bébà, àmọ́ yíǹkì aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n á kọ DÚDÚ, yíǹkì pupa ni, wọ́n á ní kẹ́ ẹ má ka ọ̀rọ̀ náà o, àwọ̀ yíǹkì ni kẹ́ ẹ máa pè. Ó rọrùn lẹ́nu, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ẹnu á ti fẹ́ sọ pupa, iwájú orí á ní kó dúró, òun ló máa ń fa ìdíwọ́ yẹn. Àwọn àgbàlagbà tó ní ìsoríkọ́ tí wọ́n sì há síbi ìdánwò yìí gan-an ni Alexopoulos àtàwọn mìíràn rí i pé oògùn kì í sábà tètè gbà lára wọn, àwọn wáyà iwájú orí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni ìdánwò náà ń yẹ̀ wò. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún màmá.

Tí ó bá wá jẹ́ pé wọ́n há níbẹ̀, a ò ní káwọ́ gbera o, ibẹ̀ ni mo ń bọ̀. Irú ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, tó dá lórí bí èèyàn ṣe ń yanjú ìṣòro. Kì í ṣe kí wọ́n máa bi yín nípa ìgbà èwe yín. Olùtọ́jú á ní kí màmá mú ìṣòro kan péré lọ́sẹ̀ yìí, ó lè jẹ́ pé àtẹ̀gùn ni wọn ò lè gùn mọ́, wọ́n á jọ kọ ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀ tí a lè gbà ṣe é, wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á lọ gbìyànjú ẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á padà wá sọ bó ṣe lọ. Lọ́dún 2010 ni wọ́n gbé ìwádìí ẹ̀ jáde, àgbàlagbà 221 tí wọ́n ní ìsoríkọ́ tí iwájú orí wọn ò sì já fáfá mọ́, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi ṣe é. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń yanjú ìṣòro, bíi 46 nínú 100 ni ìsoríkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára wọn pátápátá, nínú àwọn tí wọ́n kàn ń tù nínú, bíi 28 nínú 100 ni. Irú àwọn tí èèyàn lè rò pé kò sí nǹkan tá a lè ṣe fún nìyẹn o!

Oògùn náà sì tún kù. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kéré fún àgbàlagbà, ara wọn máa ń pẹ́, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ títí dé méjìlá, ìwọ̀n tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ náà sì máa ń kéré kó má baà pa wọ́n lára, ẹ bi wọ́n bóyá ó ti tó kí wọ́n fi kún un. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò: iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń já wálẹ̀ lára àgbàlagbà tó ń lo irú oògùn yìí, á sì rẹ̀ wọ́n, á dàrú mọ́ wọn lójú, ẹ máa rò pé ìsoríkọ́ ló ń le sí i. Kí wọ́n wo thyroid, ìyẹn ẹṣẹ́ inú ọrùn, àti fítámì B12 náà. Tí oògùn méjì bá kọ̀, a lè fi òmíràn kún un. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2023 lórí àwọn àgbàlagbà tí oògùn méjì ó kéré tán ti kọ̀ fún rí i pé nínú àwọn tí wọ́n fi aripiprazole kún tiwọn, bíi 29 nínú 100 ni ìsoríkọ́ lọ lára wọn, àwọn tí wọ́n fi bupropion kún tiwọn jẹ́ 28, àwọn tí wọ́n pààrọ̀ oògùn sí bupropion jẹ́ 19, àmọ́ àwọn tí wọ́n fi bupropion kún tiwọn ló ṣubú jù, ẹ sì mọ ohun tí ìṣubú ń ṣe fún egungun àgbà. Tí gbogbo ìyẹn ò bá ṣe é, ECT wà, iná díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí ọpọlọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn mú èèyàn sùn, orúkọ ẹ̀ ń dẹ́rù bani ṣùgbọ́n ara àgbàlagbà gan-an ló ti ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ̀jẹ̀ ríru náà ńkọ́? Àmì funfun tó ti wà kì í sábà pa rẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru dáadáa a lè dín bó ṣe ń pọ̀ sí i kù. Èmi ò ní jẹ́ kí fọ́tò yẹn jókòó sínú fáìlì lásán.

Ó ku ọ̀kan, òun ló mú mi lọ́kàn jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ ní màmá ń sọ pé àwọn ti di ẹrù sí yín lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n níbi tí kò sí èrò, kí ẹ bi wọ́n ní tààràtà pé, “Màmá, ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn rí pé kẹ́ ẹ kú, tàbí pé kẹ́ ẹ ṣe ara yín ní nǹkan?” Ìbéèrè yẹn ò ní fi èrò náà sí wọn lórí, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ara máa ń tù wọ́n nígbà tí ẹnì kan bá béèrè. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan, ẹ kó oògùn tó wà nílé kúrò nítòsí wọn, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Dókítà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni ọdún 66 ni mí, ìsoríkọ́ ló ń ṣe èmi fúnra mi. Wọ́n pè mí sínú ìwádìí kan, wọ́n ní wọ́n máa ya ọpọlọ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, wọ́n á tún yà á lẹ́yìn tí mo bá lo ẹyọ kan ṣoṣo. Kí ni wọ́n fẹ́ rí lẹ́yìn ẹyọ kan, nígbà tó jẹ́ pé àwọn náà ló sọ pé ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó mọ̀ ọ́n lára? Ibi tó há sì ń bà mí lẹ́rù. — Bàbá Onísùúrù

Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ìbéèrè tó múná ni. Ọkàn ni kì í tètè yí padà, ọpọlọ ti ń gbọ́ oògùn láti ọjọ́ kìíní. Irú MRI tí wọ́n fẹ́ lò fún yín kì í wo àwọ̀ ọpọlọ nìkan, ó ń wo ibi tó ń ṣiṣẹ́: ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ tó ní atẹ́gùn ń ṣàn lọ, ẹ̀jẹ̀ tó ní atẹ́gùn àti èyí tí atẹ́gùn ti tán nínú ẹ̀ kì í ṣe bákan náà níwájú òòfà, Seiji Ogawa ló fi èyí hàn ní 1990. Ní Yunifásítì Pittsburgh, Howard Aizenstein, Helmet Karim àtàwọn yòókù ti ṣe irú ìwádìí tí ẹ ń sọ yìí fáwọn àgbàlagbà, venlafaxine ni oògùn wọn, wọ́n ya ọpọlọ ṣáájú, wọ́n yà á lẹ́yìn ẹyọ àkọ́kọ́, wọ́n ń yà á lọ títí ìtọ́jú fi parí, wọ́n sì rí i pé ìyípadà tó bá wáyé láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ti ń sọ nǹkan nípa ẹni tí ara ẹ̀ máa yá níkẹyìn. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju fọ́tò ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ẹ̀ẹ̀kan á kàn sọ bí ọpọlọ yín ṣe rí, ẹ̀ẹ̀mejì á sọ bó ṣe dá oògùn lóhùn. Ẹ rò ó wò, kéèyàn má ṣe fi oṣù mẹ́ta jìyà lórí oògùn tí kò bá a lára mu! Àmọ́ ìwádìí ló ṣì jẹ́ o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi pààrọ̀ ìtọ́jú tó yẹ yín.

Ní ti ẹ̀rù, MRI ò ní ìtànṣán bíi ti X-ray. Ẹ máa dùbúlẹ̀ nínú páìpù, wọ́n á fi nǹkan bo etí yín torí ariwo ẹ̀ le, gbà-gbà-gbà bí ẹni ń fi òòlù lu irin, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi rọ́bà kékeré kan sí yín lọ́wọ́, tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ wọ́n á fà yín jáde. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀, àwọn kan máa ń dijú kí wọ́n tó wọlé, kò burú. Tí ẹ bá ní bátìrì ọkàn lára, tàbí irin kankan tí wọ́n fi sí yín lára nígbà iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó wọ yàrá yẹn. Ẹ lè kúrò nínú ìwádìí náà nígbà tó bá wù yín, ìtọ́jú yín ò sì gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ yí padà.

Dókítà, mo kà á pé fọ́tò ọpọlọ ti lè sọ bóyá oògùn ló máa ṣiṣẹ́ fún èèyàn ni àbí ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹni 80 ọdún ni bàbá wa, oṣù kan sẹ́yìn ni gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, a fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún wọn kíá. — Àbíkẹ́yìn

Àbíkẹ́yìn, mo mọ ibi tó ti wá. Ọ̀dọ̀ dókítà olùwádìí ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Helen Mayberg ni, láti 1997 ló ti rí i nínú ẹ̀rọ PET, èyí tí wọ́n ń gún ṣúgà tó ní ìtànṣán díẹ̀ sínú iṣan láti mọ ibi tó ń lò ó jù, pé ibì kan láàárín iwájú ọpọlọ máa ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ lára àwọn tí ara wọn máa padà yá, ó sì máa ń rẹlẹ̀ lára àwọn tí kò ní yá. Lọ́dún 2013, òun àtàwọn mìíràn tún gbé òmíràn jáde, wọ́n wo bí ibì kan nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ insula ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, ti àwọn kan rẹlẹ̀, àwọn ni ọ̀rọ̀ sísọ ràn lọ́wọ́, ti àwọn kan ga, oògùn tó ń jẹ́ escitalopram ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó dáa ni, inú mi dùn sí i. Àmọ́ kò sí ẹni tó lé ní 60 ọdún níbẹ̀, ọpọlọ bàbá yín sì ti rin ìrìn àjò ogún ọdún kọjá ìyẹn.

Ohun mìíràn tó ń fà wá sẹ́yìn ni pé fọ́tò wọ̀nyí kì í fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń bá wọn túmọ̀ ẹ̀. Lọ́dún 2020 wọ́n kó fọ́tò àwọn èèyàn 108 fún ẹgbẹ́ olùwádìí 70, wọ́n bi gbogbo wọn ní ìbéèrè mẹ́sàn-án kan náà, kò sí ẹgbẹ́ méjì tó gba ọ̀nà kan náà ṣe é, ìdáhùn wọn sì yàtọ̀ síra. Lọ́dún 2018 náà, ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà sọ pé fọ́tò ọpọlọ ò tíì tó ohun tí wọ́n ń fi yan ìtọ́jú ìsoríkọ́ fún ẹnì kan. Nítorí náà, mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa wá a kiri fún ìyẹn.

Síbẹ̀, mi ò ní kí wọ́n má ya ọpọlọ bàbá o! Ẹni 80 ọdún tí irú ẹ̀ ò ṣe rí, tó wá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kan, ó yẹ ká wò ó bóyá nǹkan mìíràn ló fara pamọ́ síbẹ̀, bíi rọpárọsẹ̀ kékeré tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, kókó inú ọpọlọ, tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ agbárí lẹ́yìn ìṣubú. Ẹ rántí dáadáa: ṣé wọ́n ti ṣubú láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, kódà kó jẹ́ pé wọ́n kàn forí gbá ilẹ̀kùn? Ṣé wọ́n ń lo oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn geere? Ṣé ìrìn wọn ti yí padà, ṣé apá kan ń wúwo, ṣé orí ń fọ́ wọn, ṣé wọ́n ń gbàgbé lọ́nà tí wọn kì í ṣe tẹ́lẹ̀, ṣé ìtọ̀ ń bọ́ mọ́ wọn lára? Tí ọ̀kan péré bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbé wọn lọ lónìí, tó bá sì jẹ́ pé wọ́n ṣubú, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà.